Ṣéènì Bàbá Onílé

Òórùn kẹrosíìnì àti àdín ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Àkàrà ni imú mi ti ń retí, nítorí Sátidé ni Màámi máa ń dín in, ṣùgbọ́n kò sí àkàrà nínú òórùn yìí rárá. Mo dìde lórí ẹní, mo tẹ̀lé òórùn náà dé ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá Bàbá Onílé wa lórí àpótí. Wọ́n ti ká ọwọ́ bùbá wọn sókè, wọ́n ń fi igi kan ro nǹkan nínú abọ́ tánganran ńlá, bí ẹni ń ro ọkà. Mo yọjú wo inú abọ́. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni, ó dúdú, ó ká jọ bí ejò tó ti yó. Ìgbà náà ni mo tó wá wo abọ́ fúnra rẹ̀. Abọ́ ìgbéyàwó Màámi ni, èyí tó ní òdòdó pupa létí, tí a kì í bu oúnjẹ sí àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wo abọ́ náà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ já sí kànga. Lẹ́yìn náà wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú wàhálà wa. Olúwa yóò san án fún yín." Wọ́n wọlé lọ, wọ́n fi etí ìró dí ẹnu, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ sínú aṣọ pé, "Abọ́ mi! Háà, abọ́ mi!" Bí nǹkan ṣe rí nílé wa nìyẹn. Ohun tó bá ń dùn wá gan-an, inú aṣọ la ti ń sọ ọ́.

Òkè Àdó là ń gbé nígbà náà, lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ará Ìjẹ̀ṣà ni wá, yàrá méjì la sì gbà lọ́wọ́ Bàbá Onílé, Mùsùlùmí tó ń ta pákó, tí wọ́n fẹ́ràn wa débi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá wa tí wọn kì í dá sí. Bí a bá fẹ́ sún ibùsùn, àwọn ni wọn yóò wá júwe ibi tí orí yóò kọ sí. Bí ọmọ bá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń bẹ̀rù wọn, nítorí ohùn wọn tóbi ju ilé lọ.

Akọ̀wé sítọ̀ọ̀ ni Bàámi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńláńlá kan lápá Àgbowó. Àwọn ni wọ́n ń há ṣọ́bìrì àti òòlù fún àwọn lébìrà láàárọ̀. Aago méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn. Bí wọn kò bá tíì dé, odindi agbo ọkùnrin ni yóò dúró láìní ohun tí wọn yóò mú lọ́wọ́, wọn yóò sì máa bú Bàámi. Láti Òkè Àdó dé Àgbowó kì í ṣe ìrìn àwàdà, bọ́lẹ̀kájà tí wọ́n sì máa ń wọ̀ ní Dùgbẹ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún fọ́fọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàámi ti pẹ́ dé. Ọ̀gá wọn fi ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí wọ́n má wulẹ̀ wọlé mọ́, kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Màámi ki ìwé náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí, bí ẹni pé tí a kò bá ti rí i, kò sí.

Òyìnbó kan tó ń padà lọ sílùú rẹ̀ pátápátá ló fún Bàámi ní kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn tíṣà ń gùn, tó máa ń nàró ṣánṣán. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, ìjókòó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ibi tí èèyàn lè di ẹrù mọ́ lẹ́yìn. Ó ti gbó díẹ̀, àmọ́ ó fúyẹ́ débi pé èmi náà lè gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun méjì ni kò ní. Kò ní ṣéènì rárá, àgbá eléyín tó wà níbi pẹ́dà, èyí tó máa ń fa ṣéènì níwájú, sì ti kán. Tẹ̀yìn nìkan ló wà níbẹ̀, ó kéré, ó ń dán, eyín rẹ̀ sì pé.

Ká ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíì ni, Bàámi ì bá gba Dùgbẹ̀ lọ, wọn ì bá ra méjèèjì tí yóò bá tẹ̀yìn mu, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Nílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń dá nǹkan ṣe. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ dé gan-an ni Bàbá Kátíkíìsì gbé àgbá eléyín kan wá, èyí tó ṣẹ́ kù lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń wàásù káàkiri oko. Àgbà ìjọ wa ni Bàbá Kátíkíìsì, yàrá iwájú ni wọ́n ń gbé, àwọn ni wọ́n sì bá wa sọ̀rọ̀ tí mo fi ráyè nílé ìwé ìjọ. Wọ́n gbàdúrà lé àgbá náà lórí kí wọ́n tó fà á kalẹ̀.

Bàbá Onílé gbọ́. Ṣé ó wá yẹ kí ayálégbé ṣe oore tí onílé kò ṣe? Wọ́n wọ yàrá ẹrù lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì mú ṣéènì kẹ̀kẹ́ bàbá wọn tó ti kú jáde. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ, kẹ̀kẹ́ bàbá wọn ló kọ́kọ́ kọjá ládùúgbò yẹn, tí àwọn àgbà ọkùnrin fi sá wọ igbó. "Akọ̀wé," ni wọ́n wí, "ohun tí mi ò fún ọmọ bíbí inú mi ni mo fún ọ yìí." Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Kí ni wọn ì bá tún ṣe? Àwọn náà ni wọ́n máa ń kọ́ wa pé, "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni." Báyìí ni ṣéènì náà ṣe dé inú abọ́ Màámi.

Nígbà tí àdín ti wọ̀ ọ́ lára, wọ́n ránṣẹ́ pe Làmídì atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tó ń jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ní oríta. Iwájú ìsọ̀ pákó Bàbá Onílé ni igi náà wà, àwọn ni wọ́n sì ní kí ó máa jókòó síbẹ̀. Làmídì de àgbá Bàbá Kátíkíìsì mọ́ iwájú, ó fa ṣéènì Bàbá Onílé yí àgbá tiwájú àti tẹ̀yìn ká, ó sì fọwọ́ yí pẹ́dà. Ṣéènì gun orí eyín, ó rìn lórí wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ òkúta sọdá odò, ó sì já bọ́. Ó tún un ṣe. Ó tún já bọ́.

Gbogbo ilé ti jáde, oníkálukú ló sì ní ìmọ̀ràn. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọ orí kẹ̀kẹ́ síbòmíì. Bàbá Onílé ní kí wọ́n fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kátíkíìsì ní kí wọ́n ka Sáàmù kan ṣáájú. Ó já bọ́ lẹ́yìn Bísímílà, ó já bọ́ lẹ́yìn Sáàmù. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé irin tí kò mọra rí kò lè ṣàdédé ṣiṣẹ́ pọ̀, pé kí wọ́n kó wọn síbì kan náà kí wọ́n lè mọwọ́ ara wọn. Wọ́n tú àgbá iwájú, wọ́n tú tẹ̀yìn, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ ti ṣéènì nínú abọ́ Màámi, wọ́n bu àdín sí i, wọ́n sì lọ jẹun.

Èmi jókòó ti abọ́ náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ íǹsì nílé ìwé ni, kò sì sí ohun tí n kì í wọ̀n lọ́sẹ̀ náà: imú àbúrò mi, ìrù ewúrẹ́, ìka ẹsẹ̀ Bàbá Kátíkíìsì nígbà tí wọ́n sùn lọ. Mo mú rúlà mi, mo wọn eyín tẹ̀yìn. Láti ṣóńṣó ọ̀kan dé ṣóńṣó èkejì, ààbọ̀ íǹsì. Mo wọn tiwájú, ààbọ̀ íǹsì. Mo wá fa ṣéènì jáde. Ihò kan, ìdì irin kan, ihò kan, ìdì irin kan, bẹ́ẹ̀ ló lọ títí, láti ihò kan dé ìkejì sì jẹ́ íǹsì kan gbáko. Bí eyín kan bá wọ ihò, eyín tó tẹ̀lé e yóò fi orí sọ irin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣéènì ayé àtijọ́ ni, kò mọ eyín ayé tuntun rí.

Ó dùn mọ́ mi débi pé n kò lè dúró. Bí àwọn àgbà ṣe ń jáde padà ni mo pariwo, "Bàámi! Kò sí ohun tó ṣe tiwájú, kò sí ohun tó ṣe tẹ̀yìn o! Ṣé ẹ rí i, èyí tó—" Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Màámi ti já mi léèékánná nítan, wọ́n fi ọwọ́ kejì bo ẹnu mi, wọ́n ní inú ló ń run mí, wọ́n sì gbé mi wọlé. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni wọ́n sọ sí mi létí. "Ṣé o fẹ́ kí bàbá lé wa jáde ni?" Kí irọ́ náà lè fìdí múlẹ̀, wọ́n po àgbo inú rírun, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́ níbi tí èèyàn pọ̀ sí, ìkorò àgbo yẹn máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.

Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ìyókù. Làmídì kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbé ṣéènì sókè, ó fi ìka tọ ihò rẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Ó wo Bàbá Onílé. Ó yíjú wo ọ̀nà oríta, níbi tí igi àgbálùmọ̀ rẹ̀ wà. Ó wúkọ́. "Ṣéènì ò lẹ́bi," ló wí. "Eyín ló pọ̀ jù."

Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀. "Mo ti rí i láti àárọ̀!" ni Bàbá Onílé wí. Làmídì ní kí wọ́n kàn pọ́n eyín kan dànù nínú méjì-méjì, àyè yóò wà fún ṣéènì láti jókòó. Ojú Bàbá Kátíkíìsì kọ́rẹ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀bùn tiwọn ni yóò fara gbọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di wàhálà, Mùsùlùmí lápá kan, Onígbàgbọ́ lápá kan, Bàámi láàárín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn ni wọ́n ronú kàn án pé kí wọ́n gé lára ṣéènì náà díẹ̀, kí ìyà lè kárí. Ṣéènì ọ̀hún ti gùn jù tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e, ara sì tu tọ̀tún-tòsì.

Wọ́n wá nílò ẹni tí yóò ka eyín kó má baà ṣì. Inú mi tó ń run mí san lójijì. Wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì kí n máa sàmì sí ọ̀kan, kí n fo ọ̀kan. Tiwájú jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó parí síbi tó yẹ kó parí sí. Tẹ̀yìn jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mo fò, mo sàmì, mo fò, mo sàmì, nígbà tí mo sì yí i po tán, eyín méjì tí n kò sàmì sí dúró ti ara wọn bí ìbejì. Òǹkà tí kò ṣeé pín sí méjì kò ṣeé pín sí méjì; oore èèyàn kò lè yí i padà. Mo gbójú sókè wo Màámi. Màámi wo itan mi. Mo dákẹ́.

Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ni wọ́n fi pọ́n in. Bàbá Onílé pọ́n títí dìgbà ìrun, Bàbá Kátíkíìsì gbà á, wọ́n ń kọrin ìyìn sí i, Bàámi gbà á lọ́wọ́ wọn. Irin òyìnbó yẹn le bí ojú ajá, wọn kò sì parí rẹ̀ títí a fi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Bàbá Onílé fẹ́ eruku irin kúrò, wọ́n gbé àgbá náà sókè sójú oòrùn. "Ẹ wò ó, ó ti ní èjí! Ẹwà ni." Ẹ̀yin náà mọ bí èjí ti dára tó lẹ́nu èèyàn. Àmọ́ ẹnu tó ní èjí mẹ́tàlélógún, a kì í fi í ṣe ìyàwó.

Wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n dorí kẹ̀kẹ́ kodò, Làmídì sì yí pẹ́dà. Ṣéènì jókòó! A pàtẹ́wọ́. Àfi pé nígbàkígbà tó bá kan àwọn eyín ìbejì mi lẹ́yìn, ṣéènì náà á fò lẹ́ẹ̀kan, gbì!, á sì padà jókòó. "Kò burú," ni Bàbá Onílé wí. "Ó ń mí ni."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo ilé ló sin Bàámi jáde. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ ṣòkòtò, wọ́n de táì, wọ́n sì tẹ̀ sórí ìwo àgbò náà. Gbì. Fìlà wọn mì. Gbì. Àpò oúnjẹ wọn mì. Wọ́n ń lọ bí ẹni tí òsúkè ń ṣe, títí wọ́n fi yà ní ìkóríta. Màámi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìwé abẹ́ ìrọ̀rí yẹn ni wọ́n jókòó lé títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a gbọ́ gbì, gbì, gbì láti ọ̀nà. Bàámi ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ti dé. Màámi jó. Bàbá Onílé pa àkùkọ kan, wọ́n ní ṣéènì bàbá àwọn ló gba iṣẹ́ Akọ̀wé là.

Láti ọjọ́ náà, Bàámi kò pẹ́ mọ́. Òkìkí kẹ̀kẹ́ wa kàn. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í wá sọ́dọ̀ Làmídì kí ó bá wọn yọ eyín. Ọkùnrin kan ti tuntun rẹ̀ wá láti Àpáta. Làmídì kò lè sọ pé òun ló purọ́. Ó ń dá ọ̀la fún wọn títí ó fi sú wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń ya Màámi lẹ́nu: bàtà òsì Bàámi máa ń jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tọ̀tún sì wà bí ìgbà tí wọ́n rà á. Bàámi náà ń gbẹ. Màámi ní bóyá bí kẹ̀kẹ́ òyìnbó ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé, wọ́n rán mi sí Dùgbẹ̀ ní kùtùkùtù pé kí n lọ ra ata kí ọjà tó kún. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ ni mo rí ọkùnrin kan níwájú, tó de táì, tó dé fìlà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí pẹ́dà, ẹsẹ̀ òsì sì ń ti ilẹ̀, gbà, gbà, gbà, bí ìgbà tí àwa ọmọdé bá ń fi pákó oníwíìlì ṣeré. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní ṣéènì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń yà fún un, wọ́n ń kí i, "Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ o," wọn kò sì bi í ní nǹkan kan. Bàámi ni.

Wọ́n rí mi, wọ́n dúró. Òógùn ti rin kọ́là wọn. A wo ara wa. Wọ́n ṣí àpò oúnjẹ wọn, wọ́n fi ṣéènì hàn mí, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn dì bí ẹja yíyan. "Ibí ló ti já bọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni wọ́n wí.

"Láti ìgbà yẹn, Bàámi?"

"Láti ìgbà yẹn. Bí mo bá ti yà ní ìkóríta ni mo ń yọ ọ́. Bí mo bá ń bọ̀, mo ń fi sí i padà níbẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Mi ò fẹ́ kí inú bàbá bàjẹ́. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n sì tún fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, wọ́n doríkọ Mọ́kọ́lá. Mo dúró pẹ̀lú agbọ̀n ata mi. Ẹ̀rín ń pa mí, inú ń bí mi, àánú wọn sì ṣe mí débi pé ẹkún ló borí. Mo sunkún gan-an níbẹ̀, láàárín ọjà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù méje ni ó lọ bẹ́ẹ̀, Iléyá dé, Bàbá Onílé sì kéde pé ọdún yìí, ṣéènì bàbá àwọn ni yóò gbé àwọn dé Yídì. Àwọ̀ kúrò lójú Bàámi. Wọ́n ní táyà ti rọ̀; Làmídì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n ní ìjókòó yóò ba agbádá jẹ́. Bàbá Onílé ní agbádá pọ̀ nílé. Wọ́n gùn ún pẹ̀lú aṣọ funfun ńlá, gbogbo àdúgbò sì dúró. Gbì. "Àlùhámdù lílàhì!" Gbì. Nígbà kẹta, ṣéènì já, ó wọ́ mọ́ etí agbádá, kẹ̀kẹ́ yà bàrà, ó sì gbé Bàbá Onílé lọ jókòó sínú òkìtì eruku pákó tó wà níwájú ìsọ̀ wọn.

Wọ́n jókòó síbẹ̀, eruku ti kún irùngbọ̀n wọn. Wọ́n fa ṣéènì jáde láti inú agbádá, wọ́n gbé e lé eyín iwájú, wọ́n ń fi ìka tò ó, ihò sí eyín, irin sí èjí. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n wá gbójú sókè. "Ṣé ṣéènì yìí ni kò bá a mu?"

Làmídì ń wo igi rẹ̀. Bàbá Kátíkíìsì ń wo ilẹ̀. Bàámi ti dọ̀bálẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Íǹsì kan ni, sà." Mo rí ọwọ́ Màámi tó ń bọ̀ wá bá itan mi, ó sì dúró láàárín ọ̀nà.

Mo rò pé wọn yóò bú wa. Ohùn wọn tó tóbi ju ilé lọ kò jáde. "Akọ̀wé," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣéènì tuntun kan wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn mi. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún ọ. Mo ní kó o má lọ rò pé ohun tí kò ju owó lásán lọ ni mo fún ọ. Ni mo bá lọ mú ti bàbá mi." Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?" Ojú wọn pọ́n. Ìṣubú kọ́ ló fà á. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n pe ara wọn fún wa, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹni tí à ń sá fún ni àwọn. Wọ́n pẹ́ dé Yídì lọ́jọ́ yẹn.

Ṣéènì tuntun náà jókòó pẹ́ẹ́ sórí gbogbo èjí wọ̀nyẹn, nítorí ihò kì í bínú pé òun ṣófo. Bàámi sì gun kẹ̀kẹ́ náà lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí wọ́n bá ti jókòó lé e, ẹsẹ̀ òsì wọn á kọ́kọ́ ti ilẹ̀ ná.

Mo fi òǹkà àti ìwọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti darúgbó báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun fi awò ojú kan ránṣẹ́ sí mi. Ó rẹwà, ó ń dán létí, ọmọ mi sì ní òun wá a káàkiri kí òun tó rí èyí tó yẹ ìyá òun. Kì í ṣe ìwọ̀n ojú mi. Tí mo bá wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà a di méjì, orin ìyìn a sì máa sá kiri lórí ìwé. Nọ́ńbà tó yẹ ojú mi wà nínú ìwé dókítà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò ju kí n kà á sí ọmọ mi létí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó mú rúlà lọ́wọ́ níjọ́sí ì bá ti sọ ọ́ kí wọ́n tó tú páálí tán, kódà pẹ̀lú ọwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Èmi ìyá àgbà, tí kò sẹ́ni tó lè já mi léèékánná mọ́, ọpẹ́ ni mo dú.

Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ló máa ń pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Kí n tó gbé e, n ó bọ́ ògbólógbòó awò mi tí mo fi ń ríran, n ó sì wọ tirẹ̀. Sọ́ńdè tó kọjá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Ó gbé ọmọ tuntun tó bí sójú fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Màámi, ẹ wò ó dáadáa. Ta ló jọ?" Mo sún mọ́ ọn. Mo rí nǹkan pupa kan tó ń mì. Mo sọ fún un pé bàbá mi ni, pé ó jọ wọ́n bí ìmumu.